Búrẹ́dì Ọjọ́ Tí Ààrò Bú

Kí àwọn ọlọ́pàá tó dé ilé búrẹ́dì náà, wọ́n ti gbé ọkùnrin tó jóná lọ sí ọsibítù. Ohun tó kù fún Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ láti bá níbẹ̀ ni òórùn gáàsì, ògiri tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ìlẹ̀kùn tí wọ́n já, àti Baba Búrẹ́dì, ẹni tó ni ibẹ̀, tó ń rìn sókè rìn sódò pẹ̀lú ìbínú.

"Olè ni," ni Baba Búrẹ́dì wí. "Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó já ìlẹ̀kùn wọlé láti wá kó mi lẹ́rù, ó lọ fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn, ààrò sì bú mọ́ ọn lójú. Ṣé èmi ni mo rán an níṣẹ́?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ fèsì.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi ń pe obìnrin yìí ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, kò sì lè bi èèyàn ní ìbéèrè kankan kó má kọ́kọ́ ní "pẹ̀lẹ́". Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó ń bá òun kẹ́dùn ni. Àwa tá a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé tí pẹ̀lẹ́ yẹn bá ti ń pọ̀ lápọ̀jù, kí onítọ̀hún yáa máa wá lọ́yà.

Ó wo ààrò náà. Ààrò onígáàsì ni, irin ńlá, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti fò kúrò lára rẹ̀. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń po fùláwà. Iná ò dé ibẹ̀ rárá. Tábìlì mọ́ fónífóní, wọ́n ti fọ ọpọ́n ìpofùláwà, omi ṣì wà lára rẹ̀. Kọ́púrù tó ń tẹ̀ lé e yìn wọ́n pé àwọn wọ̀nyí mọ́tótó gan-an. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ fi ìka kan omi náà, ó sì padà sọ́dọ̀ Baba Búrẹ́dì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Fùláwà ti òní ńkọ́?"

"Fùláwà wo? Ẹni tó máa ń pò ó ni mo ní mo ti lé yẹn. Ìkejì rẹ̀ ti gba àyè lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kò sí fùláwà, kò sí búrẹ́dì. Ọjà òní ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ bá a dárò ọjà. Ó wá béèrè, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kàn wù ú gbọ́ ni, bí ẹni tó ní òṣìṣẹ́ méjì ṣe ń mọ búrẹ́dì tẹ́ni yìí yàtọ̀ sí tẹ́ni tọ̀hún. Ojú Baba Búrẹ́dì là díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbàgbé ìbínú, kó bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ó wà nínú àdéhùn òun pẹ̀lú wọn pé kálukú gbọ́dọ̀ fi abẹ la àmì tirẹ̀ sórí búrẹ́dì tó bá pò, kí òun lè mọ ẹni tí òun máa mú bí kò bá wú. Àgbélébùú ni ti ìkejì. Ti Aláàrò, ìyẹn ọkùnrin tó jóná, jẹ́ ilà gbọọrọ kan àti kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Alẹ́ ni wọ́n ń là á ni, àbí òwúrọ̀?"

"Alẹ́ kẹ̀? Tí wọ́n bá fẹ́ tì í sínú ààrò gan-an ni. Bí abẹ bá ti kàn án, ó ti di ẹnu ààrò nìyẹn. Bí o bá fi falẹ̀, ẹnu ilà yẹn á là gbàgà bí ẹnu ẹja, oníbàárà ò sì ní rà á. Èmi ni mo kọ́ gbogbo wọn."

Ó sọ ọ́ tìgbéraga tìgbéraga. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì náà ni yàrá tí Aláàrò àti ìdílé rẹ̀ ń gbé wà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ ọn, ẹrù wọn sì wà níta: àpótí, ìkòkò, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tú palẹ̀. Baba Búrẹ́dì ti ní kí wọ́n kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú, pé òun ò lè fi òrùlé bo ìyàwó olè. Obìnrin náà ò sunkún. Ó ti sunkún tán, ojú rẹ̀ gbẹ, ó sì pọ́n.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ jókòó tì í lórí àpótí. Ó ní kó sọ àdéhùn tí ọkọ rẹ̀ àti Baba Búrẹ́dì jọ ṣe fún òun, bó ṣe rántí rẹ̀.

Obìnrin náà rántí ẹ̀ dáadáa. Ó ní pálọ̀ Mọ́mì Tíṣà, ẹ̀gbọ́n Baba Búrẹ́dì obìnrin, ni wọ́n ti sọ ọ́, òun náà wà níbẹ̀. Ọkọ òun á máa po fùláwà nírọ̀lẹ́, á máa yan án ní ìdájí, àwọn á sì máa gbé yàrá ẹ̀yìn. Bí Baba Búrẹ́dì bá fẹ́ dá a dúró, ojú Mọ́mì Tíṣà ló gbọ́dọ̀ ti ṣe é. Bí iṣẹ́ bá ṣe ọkọ òun léṣe, Baba Búrẹ́dì ni yóò tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi dìde, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lé ìdílé rẹ̀ kúrò nínú yàrá.

"Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó kọ ọ́, mà. Ojú la jọ wo ara wa. A rò pé ó tó."

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wá yé Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ kedere. Bí Aláàrò bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ààrò bú, ìtọ́jú rẹ̀ àti òrùlé ìdílé rẹ̀ wà lọ́rùn Baba Búrẹ́dì. Bí wọ́n bá ti lé e, olè lásán ni, ẹ̀wọ̀n ló sì ń dúró dè é bó bá yè é. Ó béèrè bóyá ọkọ rẹ̀ sọ pé wọ́n lé òun.

"Ó jáde nírọ̀lẹ́ láti lọ po fùláwà. Ó wọlé, ó jẹun, ó bá àwọn ọmọ ṣeré, ó sùn. Ṣé bí ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Àwọn ọkùnrin kan wà tí wọn ò ní sọ fún ìyàwó wọn."

"Ọkọ tèmi kọ́."

Ohùn rẹ̀ le. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kì í ṣe ẹ̀rí, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ nítorí ìyẹn. Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá rẹ̀ ní tẹ́ṣàn ni: kí ló ń fà á gùn, olè jalè, olè jóná, ó fẹ́ kí ìwé ọ̀rọ̀ náà wà lórí tábìlì òun ní ìrọ̀lẹ́ yìí kí àwọn lè lọ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọkùnrin náà mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ní òun ti gbọ́.

Ilé Mọ́mì Tíṣà kò jìnnà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe nà tantan lórí àga, èèyàn á fẹ́ nawọ́ sókè kó tó sọ̀rọ̀. Kò jẹ́ kí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ béèrè tán tó fi dá a lóhùn pé òótọ́ ni, àbúrò òun lé Aláàrò lójú òun, Aláàrò sì kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí ni Aláàrò sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan."

"Kò bẹ̀bẹ̀?"

"Kò bẹ̀bẹ̀."

Mọ́mì Tíṣà ń wo ojú fèrèsé bó ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọkùnrin tí iṣẹ́ àti òrùlé ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tó ní ìyàwó àti ọmọ, kò tiẹ̀ ní bú ẹnì kankan? Kò ní kúnlẹ̀? Họ́wù. Ṣùgbọ́n tíṣà tí gbogbo àdúgbò bọ̀wọ̀ fún ti sọ ọ́, ta ni yóò gba ti ìyàwó aláàrò gbọ́?

Nígbà tó jáde, ara Kọ́púrù ti wà lọ́nà. Ó ti wádìí kiri, ó sì ti rí ẹni tó máa mú. Awakọ̀ tó máa ń gbé búrẹ́dì fún àwọn oníbàárà bá Aláàrò jà láìpẹ́ yìí, ìjà ọ̀hún le débi pé wọ́n gbá ara wọn lọ́rùn mú. Láti òwúrọ̀, kò sẹ́ni tó rí awakọ̀ náà. Ọkọ̀ búrẹ́dì ò sí níbi tó máa ń wà, fóònù rẹ̀ sì ti kú.

"Òun ló tú gáàsì sílẹ̀, mà," ni Kọ́púrù wí. "Ẹ jẹ́ ká kàn lọ gbé e."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ò jiyàn. Wọ́n lọ sílé awakọ̀ náà.

Ìyá awakọ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Obìnrin ọlọ́yàyà ni, ẹni tó jẹ́ pé bí ọlọ́pàá bá wá mú ọmọ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Ó ní ọmọ òun wà lẹ́yìnkùlé, ó ń wẹ̀, kí wọ́n jókòó. Ó gbé tíì kalẹ̀, ó gbé búrẹ́dì tì í, ó ní kí wọ́n tètè jẹ ẹ́ kó tó tutù, pé ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ni.

Kọ́púrù ò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti bù ú, ó ti kì í bọ tíì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ na ọwọ́ sí èyí tó kù, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Búrẹ́dì náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ilà gbọọrọ kan wà lórí rẹ̀, kékeré méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnu ilà náà là gbàgà. Ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò nu ara rẹ̀, eérú lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Kọ́púrù," ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "gbé ẹnu kúrò lára ẹ̀rí."

Búrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ há Kọ́púrù lọ́fun. Ó gbé èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó gbá ejò mú, ìyá awakọ̀ sì ń béèrè bóyá iyọ̀ ló pọ̀ jù.

Awakọ̀ wọlé, aṣọ ìnura wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rí wọn, ó rí búrẹ́dì, ó sì jókòó láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó jókòó.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wí. "Níbo lo ti rí búrẹ́dì yìí?"

"Ní ibi iṣẹ́, mà."

"Ààrò ibi iṣẹ́ yín ti bú. Gáàsì sì ni, kì í fi eérú sára búrẹ́dì. Ta ló ni ààrò onígi tí o gbé e lọ?"

Awakọ̀ wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó dáhùn, àbí kí ló ń wò òun fún.

"Pẹ̀lẹ́," ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ tún wí.

Ọ̀rọ̀ wá ń tú jáde. Ó ní nígbà tí òun dé ibi iṣẹ́, àwọn aládùúgbò ti ń gbé Aláàrò jáde. Páànù búrẹ́dì kún tábìlì yàrá ẹ̀yìn, fùláwà ti wú, Aláàrò ti la gbogbo rẹ̀ tán, ó kù kó tì í wọ ààrò. Baba Búrẹ́dì dúró, ó wo ààrò, ó wo páànù. Kí ẹnikẹ́ni tó ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá, ó ní kí òun kó gbogbo páànù náà gba ẹ̀yìn lọ sí òdìkejì ìlú, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń fi igi yan búrẹ́dì, kí òun tà á síbẹ̀, kí òun sì pa fóònù. Baba Búrẹ́dì ti ń bu omi sí ọpọ́n nígbà tí òun jáde, bí òun sì ṣe ń wa ọkọ̀ lọ, òun gbọ́ tí ó ń já ìlẹ̀kùn.

"Ìwọ àti Aláàrò jà. Ṣé nítorí ìyẹn lo ṣe dákẹ́?"

"Nítorí rọ́bà gáàsì la ṣe jà, mà. Ó ní ó ti sán, kí n jẹ́ ká jọ lọ bá ọ̀gá, ká ní a ò ṣiṣẹ́ mọ́ títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní èmi ò lọ, mi ò fẹ́ kí wọ́n lé mi. Ló bá pè mí ní ojo." Ó fi aṣọ ìnura nu ojú. "Ó mọ̀ mí dáadáa."

Nínú ọkọ̀, Kọ́púrù ń fò fún ayọ̀. Ó ní ó ti parí, kí àwọn lọ mú Baba Búrẹ́dì. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ mi orí. Ó ní búrẹ́dì yìí lè jẹ́rìí pé Aláàrò ṣiṣẹ́: ó la ilà, ó fẹ́ tì í wọ ààrò lójú ẹsẹ̀, ohun kan dá a dúró, ìdí nìyẹn tí ẹnu ilà fi là gbàgà kí wọ́n tó rí ààrò míì yan án. Olè kì í wá la ilà sórí búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì ò lè jẹ́rìí pé wọn ò lé e. Baba Búrẹ́dì lè yí i padà, kó ní Aláàrò kọ̀ láti lọ ni, pé ó fi tipátipá ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán an, kó tún ní ìtìjú ló jẹ́ kí òun purọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè tú ìyẹn.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n padà dé pálọ̀ Mọ́mì Tíṣà. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ gbé búrẹ́dì náà sórí tábìlì àárín, kò ṣàlàyé rẹ̀. Mọ́mì Tíṣà wò ó. Ó mọ àmì náà, òun náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fún Aláàrò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Àdéhùn tí àbúrò yín àti Aláàrò ṣe nínú pálọ̀ yìí, ẹ bá mi sọ ọ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ."

Mọ́mì Tíṣà bẹ̀rẹ̀. Ohùn kíláàsì ló fi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tò tẹ̀ lé ara wọn: iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ ìdájí, yàrá ẹ̀yìn, ilà orí búrẹ́dì, bí wọ́n ṣe máa dá a dúró. Ó dé ibi ìpalára, ó sì dákẹ́.

"Ẹ parí rẹ̀, mà."

"Bí iṣẹ́ bá ṣe é léṣe..." Ó fi ìka tọ ilà orí búrẹ́dì náà. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ò ràn án lọ́wọ́. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fi ìyẹn sí i," ni Mọ́mì Tíṣà wí nígbẹ̀yìn. "Àbúrò mi ò fẹ́. Èmi ni mo ní dandan ni. Ẹnu iṣẹ́ ni ọkọ mi kú sí, àwọn tó gbà á síṣẹ́ ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Mo gbé òkú rẹ̀ fúnra mi. Mo ní lójú tèmi, kò sí obìnrin tó máa tún jẹ irú ìyà yẹn mọ́."

"Ṣé àbúrò yín lé Aláàrò níwájú yín lánàá?"

"Aláàrò ò wá síbí lánàá." Omijé ti ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Òwúrọ̀ òní ni àbúrò mi sáré wọlé. Ó ní kí n gba òun, pé ilé búrẹ́dì á wọlẹ̀. Èmi ni mo tọ́ ọ, ìyá wa kú fi í sílẹ̀ lọ́mọdé. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún un."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ tún ní pẹ̀lẹ́, èyí sì ti ọkàn rẹ̀ wá. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ ní tẹ́ṣàn, ó ní kí wọ́n gbàgbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọsibítù, kí wọ́n ṣí sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ de ẹlòmíì.

Ọsibítù ni gbogbo wọn ti pàdé. Báńdéèjì wé Aláàrò láti orí dé àyà, ojú rẹ̀ àti ihò ẹnu nìkan ló hàn, ṣùgbọ́n ojú náà ti là. Ìyàwó rẹ̀ dúró níbi orí bẹ́ẹ̀dì. Kọ́púrù mú Baba Búrẹ́dì wọlé kó tó mú un lọ sí tẹ́ṣàn, nítorí Mọ́mì Tíṣà tó tẹ̀ lé wọn ló bẹ Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ pé kí àbúrò òun kọ́kọ́ fojú kan ọkùnrin náà.

Baba Búrẹ́dì ò lè gbójú sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé inú ìbẹ̀rù ni òun wà, pé rọ́bà yẹn òun ti fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, pé kí wọ́n má bínú. Ó ní gbogbo àdéhùn àwọn dúró bó ṣe wà: òun á tọ́jú rẹ̀, yàrá ṣì jẹ́ tiwọn, iṣẹ́ ń dúró dè é.

"Rárá," ni ìyàwó Aláàrò wí.

Kò pariwo. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé oògùn kọjá sì dúró.

"Ìyẹn la fi ẹnu sọ. Ẹ fi ẹnu náà sọ ọ́ dànù. Mo fẹ́ kí ẹ kọ èyí sílẹ̀, níbí, lójú ọkọ mi alára."

Mọ́mì Tíṣà tọrọ ìwé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ìwé lé itan, ó bi obìnrin náà léèrè ohun tí òun máa kọ́kọ́ kọ, ṣé ti ìtọ́jú ni, àbí ti yàrá, àbí ti iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ máa padà sí.

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀. Ó wo ojú Baba Búrẹ́dì títí tí ìyẹn fi gbójú sókè wò ó.

"Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ọkọ mi kì í ṣe olè," ni ó wí. "Kó buwọ́ lu ìyẹn ná. Tó bá ti ṣe tán, a ó máa sọ ti iṣẹ́."

Mọ́mì Tíṣà kọ ọ́ sókè pátápátá. Ó na ìwé náà àti bírò sí àbúrò rẹ̀, kò sì gba bírò padà títí ó fi fọwọ́ sí i.